Jíìpù Tó Máa Ń Kúnlẹ̀

Ìyá tó bí Bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kọ́kọ́ sọ pé ilé ire ni wọ́n ti tọ́ jíìpù Bàbá mi. Wọ́n ní jíìpù náà mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ìdí ni pé bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, mọ́tò náà á mí kanlẹ̀, fúùùù, á sì rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ títí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà á fi lè wọlé láìsí wàhálà. Wọ́n á jókòó tán, wọ́n á gbàdúrà fún jíìpù bí ẹni ń gbàdúrà fún ọmọ, ilẹ̀kùn á padé, jíìpù á sì dìde. Àwọn ọmọdé Imini máa ń sá wá wò ó. Àwọn kan á ní ó ń kúnlẹ̀, àwọn kan á ní rárá o, ó ń dọ̀bálẹ̀ ni. Wọ́n á wá máa jà lórí bóyá akọ ni mọ́tò náà àbí abo.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Texas ló fi ránṣẹ́ ní 2016, ọdún tí Bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Jíìpù náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn. Èèyàn méjì ti lò ó ní Amẹ́ríkà kó tó kàn wá. Ó gba Kútọnu wọlé, ó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, wọ́n sì san owó kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ ṣáà mọ̀ pé jíìpù olówó ńlá ni, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń rò pé sẹ́nétọ̀ ló wà nínú rẹ̀ tó bá ń kọjá lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ àròkọ yìí ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ kan ní January 2024. Mo ti Ìbàdàn wá kí wọn nílé ní òpin ọ̀sẹ̀ ni. Ọyẹ́ mú gan-an. Ní nǹkan bí aago méjì òru, a gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyàwó aládùúgbò wa ń rọbí, ó sì ti ń rọbí láti ìrọ̀lẹ́, agbára rẹ̀ sì ti ń tán. Kò sẹ́ni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì pé ọ̀dọ̀ Bàbá Tíṣà ni kí wọ́n sá wá. Láti ọjọ́ tí jíìpù yẹn ti dé, òun ni ọkọ̀ aláìsàn àdúgbò wa. Ó ti gbé ẹni tí ejò bù jẹ lọ sí ọsibítù, ó ti gbé ọmọ tí ibà ń gbọ̀n jìgìjìgì, ó ti gbé aboyún tó pọ̀.

Bàbá mú kọ́kọ́rọ́, èmi mú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo tan iná sí jíìpù, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti jí gbogbo táyà rẹ̀ ni. Ó ti sùn sílẹ̀ pátápátá. Ara ọkọ̀ ti bo táyà iwájú mọ́lẹ̀. Bàbá sitáàtì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, iná inú rẹ̀ tàn, tẹ́tẹ́ẹ́tẹ́ ló ń dún. Ṣùgbọ́n kò dìde. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì yẹn, wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ ká gbìyànjú àtiwà á bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe yí ọwọ́ ọkọ̀, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara irin, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba ojú kan.

Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé obìnrin náà lọ sí Ọ̀yọ́. Ọlọ́kadà níwájú, ẹni tó ń rọbí láàárín, ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn tó dì í mú. A dúró síbẹ̀, à ń wo iná pupa ẹ̀yìn ọ̀kadà náà títí tó fi wọ inú ọyẹ́. Ilẹ̀ mọ́ kí a tó gbọ́ pé ó bí, pé tìyátọmọ wà láàyè. Ẹ dúpẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n Bàbá mi ò jẹun àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n gbé àga lọ síwájú jíìpù, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó dójú tini.

Ọmọ kọ̀ǹpútà ni mí. Software ni mo fi ń jẹun. Nítorí náà, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n ka kóòdù jáde. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ síárìn tó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Mo kì í bọ̀ ọ́, kóòdù mẹ́ta jáde, inú mi dùn, mo ní mo ti rí ibi tí bug wà. Ọ̀gá mẹ́káníìkì wa tó ti Ìlọrà wá wo fóònù mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Injinía. Ẹ bá mi wá ọṣẹ àti omi díẹ̀."

Ó gbé jáàkì sí i, ó sì ti gẹdú nínípọn méjì sábẹ́ rẹ̀ kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ orí bọ abẹ́ mọ́tò náà. Ó ní kí n má ṣe gbàgbé èyí láyé mi: mọ́tò tí afẹ́fẹ́ gbé ró lè sọ̀ kalẹ̀ nígbàkigbà, kì í sì í bèèrè bóyá èèyàn wà lábẹ́ òun. Ó wá fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ láti ìta, ó fi fóòmù nu ọṣẹ sára bàlúùnù rọ́bà tó wà lókè táyà iwájú. Ìfófòó funfun bẹ̀rẹ̀ sí í hó wuruwuru níbi tí rọ́bà náà ti ká. Kóòdù mi ò mọ ìyẹn. Ohun tí kóòdù mọ̀ ni pé kọ̀mpẹ́sọ̀ ti kú. Kò mọ ohun tó pa á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Mọ́tò tó wọ́pọ̀, irin tó lọ́ bí ejò, tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní kọ́ìlì, ló gbé e ró lórí táyà. Nínú jíìpù Bàbá, kò sí kọ́ìlì. Àpò rọ́bà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ló kún inú wọn. Kọ̀mpẹ́sọ̀ kékeré kan, tó jẹ́ àbúrò èyí tí fọkanáísà fi ń fún táyà, ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn. Sẹ́ńsọ̀ ń wo bí ọkọ̀ ṣe ga sí ní igun kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ohun tí sẹ́ńsọ̀ sọ, fáàfù ń ṣí, fáàfù ń tì. Tí èèyàn méje bá wọlé pẹ̀lú àpò gààrí mẹ́ta, ẹ̀yìn ọkọ̀ á fẹ́ tẹ̀ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní kí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ sí i, ó sì tán.

Ìṣòro ibẹ̀ rèé. Rọ́bà ń gbó. Oòrùn, eruku àti ìkáwọ̀n-ìnà ojoojúmọ́ á jẹ́ kó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀, torí pé kọ̀mpẹ́sọ̀ á máa dí i. Bàbá mi rántí pé ó ti tó bí ọdún méjì tí jíìpù náà ti máa ń kùn bíi kòkòrò láràárọ̀ kó tó gbéra. Wọ́n rò pé ó ń jí ni. Kò jí o, iṣẹ́ ló ń ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kọ̀mpẹ́sọ̀ náà láti máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe, ó ń fi àkókò gígùn ṣe é, títí tó fi gbóná jó. Iná pupa-rẹ́súrẹ́sú kan ti ń tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹnì kan sì ti sọ fún wọn pé "iná lásán ni, ẹ má dá a lóhùn." Àwa tó ń kọ software mọ irú nǹkan báyìí: ètò tó ń bo àléébù ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa máa ń dá ni lára yá, àfi ọjọ́ tó bá wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀gá mẹ́káníìkì ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan, ká ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun. Èkejì, ká wá tòkunbọ̀ rẹ̀, tí kò sí ẹni tó mọ iye ọdún tí rọ́bà tiẹ̀ náà ti lò. Ẹ̀kẹta, ká yọ gbogbo afẹ́fẹ́ náà dànù, ká fi kọ́ìlì sí i.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp ẹbí. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ láti Texas. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn mẹ́káníìkì yẹn ba mọ́tò yẹn jẹ́ o! Àwa ọmọ Nàìjíríà la máa ń sọ nǹkan gidi di jákujàku. Kò sí bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíì."

Kò sí bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíì. Gbólóhùn yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojúde wa. Ní 1901, rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn. Nígbà tó kúrò ní Ìbàdàn, kò gba Ọ̀yọ́. Ó yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Ọ̀yọ́ wá di ẹni tí reluwéè fò dá. Títì ni ìjọba amúnisìn fi dí àlàfo yẹn. Títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là ní nǹkan bí 1906 láyé Gómìnà Walter Egerton, ni ìtàn sábà máa ń pè ní títì mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yẹn rí, ẹ mọ ibi tó gbà: ilẹ̀ tí à ń pè ní Afijio lónìí, ìhà Fìdítì, ìhà Ìlọrà. Kí Èkó tó gbóná fún gó-síló, àgbègbè wa ti gbọ́ ìró mọ́tò.

Kí ló gbé àwọn mọ́tò ìgbà náà ró? Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè ní búlédì. Láti ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ti mú un. Kò rọ̀ ẹni lára rárá, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ lè tún un ṣe. Nígbà tí lọ́rì wá pọ̀, wọ́n máa ń gbé ẹ́ńjìnnì àti férémù rẹ̀ wá láti òkè òkun, àwọn káfíńtà wa á wá fi pákó kan ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bọ̀lẹ̀kájà ṣe wáyé. Ní Èkó, W. A. Dáwódù ń ta mọ́tò, ó ń tún mọ́tò ṣe, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ní Ìbàdàn, Sàlámì Agbájé wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ ní mọ́tò, ó sì fi ọkọ̀ ṣòwò. Ẹ rí i pé láti ọjọ́ kìíní, a ò lo mọ́tò bí wọ́n ṣe gbé e wá. À ń gé e, à ń rán an, kó lè bá ọ̀nà wa àti àpò wa mu.

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ní wọn kì í ti í ṣe jákujàku.

Afẹ́fẹ́ kì í ṣe àlejò lára ọkọ̀. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop ti fi táyà aláfẹ́fẹ́ sára kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Belfast, Robert William Thomson tó jẹ́ ará Scotland sì ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1840. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń rò ó pé tí afẹ́fẹ́ bá lè wà nínú táyà, kí ló dé tí kò lè gbé ọkọ̀ fúnra rẹ̀? Ilé iṣẹ́ Firestone dán an wò láàárín àwọn ọdún 1930. Ní 1946, William Stout gbé mọ́tò kan jáde tí afẹ́fẹ́ gbé ró, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo fún ìdánwò ni. Ibi tó ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ni ara bọ́ọ̀sì. General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára bọ́ọ̀sì ní 1953, nígbà tó sì di 1954, Greyhound ti ń fi Scenicruiser, bọ́ọ̀sì gbàgùdù olókè méjì, kó èrò káàkiri Amẹ́ríkà lórí afẹ́fẹ́.

Ó yọrí sí rere lára bọ́ọ̀sì. Ni General Motors bá ní kí àwọn fi sára mọ́tò àwọn olówó. Ní 1957, wọ́n gbé Cadillac Eldorado Brougham jáde. Iye rẹ̀ ni 13,074 dọ́là. Ní ayé ìgbà yẹn, owó rẹ̀ ju ti Rolls-Royce Silver Cloud lọ. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin tó ń dán yinrin bíi síbí tuntun, ife ìmùtí wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ró. 704 péré ni wọ́n ṣe láàárín 1957 àti 1958. Ní 1958 kan náà, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣan owó lé e fún afẹ́fẹ́ lára Chevrolet, Pontiac, Oldsmobile àti Buick.

Ẹ máa gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń yọ́. Omi ń wọ inú ọ̀pá rẹ̀. Olówó á jí láàárọ̀, á bá Cadillac rẹ̀ tó ti sùn sílẹ̀ níwájú ilé, igun kan ga, igun kan wọlẹ̀. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fi kọ́ìlì sí i! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Eldorado Brougham yẹn ló paríwó sórí kọ́ìlì. Láàárín ọdún díẹ̀, General Motors dáwọ́ afẹ́fẹ́ dúró lára àwọn mọ́tò kéékèèké rẹ̀. Kì í ṣe Ìlọrà lèyí ti ṣẹlẹ̀ o. Amẹ́ríkà ni, nígbà tí Nàìjíríà ò tíì gbòmìnira.

Mo fi èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó kà á, kò dáhùn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ló dé tó fi kú lára mọ́tò olówó, tí kò sì kú lára bọ́ọ̀sì? Títí di òní, bọ́ọ̀sì àti tírélà ńláńlá ṣì ń gun afẹ́fẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Bọ́ọ̀sì ní gáréèjì. Lálaalẹ́ ló ń padà síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ wà, tí wọ́n ń wo rọ́bà rẹ̀, tí wọ́n ń fa omi inú táńkì afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, tí páàtì rẹ̀ wà lórí pẹpẹ. Mọ́tò olówó, ẹnu ọ̀nà ilé olówó nìkan ló ń sùn. Afẹ́fẹ́ kan náà ni, rọ́bà kan náà ni. Àwọn èèyàn tó yí i ká ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní Yúróòpù náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Citroën DS tí wọ́n fi han aráyé ní Paris ní 1955 ń lo gáàsì àti epo pa pọ̀, òun náà máa ń dìde tí wọ́n bá sitáàtì rẹ̀. Ó pẹ́ láyé, torí pé àwọn mẹ́káníìkì ilẹ̀ Faransé kọ́ ọ dójú àmì. Ní Jámánì, Borgward fi afẹ́fẹ́ sára P100 ní 1960, Mercedes fi sára 300 SE ní 1961. Àwọn tó ń rà wọ́n lè san owó ìtọ́jú rẹ̀.

Ohun tó jí ọ̀rọ̀ náà dìde ni kọ̀ǹpútà. Ní 1984, Lincoln fi kọ̀ǹpútà sídìí afẹ́fẹ́ lára Mark VII. Nígbà tó di 1992, Range Rover, tó ti ń gun kọ́ìlì láti 1970 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, fi afẹ́fẹ́ oníkọ̀ǹpútà sí i. Bó ṣe di pé jíìpù, tó jẹ́ ọkọ̀ oko tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ jíìpù olówó ńlá ló ní in: Volkswagen Touareg àti Porsche Cayenne ní 2002, Discovery 3 ní 2004, Mercedes GL ní 2006. Kọ̀ǹpútà tún nǹkan púpọ̀ ṣe. Kò lè tún ọjọ́ orí rọ́bà ṣe.

Ibi tí ìtàn Amẹ́ríkà ti pàdé ìtàn tiwa rèé. Láàárín àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì wà, a sì ń to mọ́tò fúnra wa. Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní 1975, Volkswagen wà ní Èkó, Leyland ń to ọkọ̀ ní Ìbàdàn níbí. Tíṣà lè ra Peugeot 504 tuntun nígbà náà. Bàbá mi ṣì máa ń sọ ọ́ tomitomi lójú. Ọkọ̀ yẹn gun kọ́ìlì, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù, mẹ́káníìkì abẹ́ igi sì lè tú u palẹ̀ kó tún un tò láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́.

Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní September 1986, ìjọba Babangida tú náírà sílẹ̀ sọ́jà lábẹ́ ètò SAP. Nígbà tó fi di 1987, dọ́là kan ti di nǹkan bíi náírà mẹ́rin. Mọ́tò tuntun fò kúrò lọ́wọ́ tíṣà, kò sì padà mọ́. Tòkunbọ̀ ló gba ipò rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tí a sọ ọ́! Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé ni a fún mọ́tò àlòkù, bí ẹni pé ẹbí wa ni láti ilẹ̀.

Mọ́tò tó bá fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti sún mọ́ àtikú. Ẹni tó ni ín níbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tà á. Ìròyìn tí àjọ UNEP gbé jáde ní 2020 sọ pé mílíọ̀nù 14 mọ́tò kéékèèké àlòkù ló kúrò ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan láàárín 2015 sí 2018 lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ọ̀pọ̀ sì lọ sí àwọn ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó. Ti Bàbá mi wà nínú wọn. Ó tiẹ̀ rí ẹnubodè kọjá ni o, torí pé láti January 1, 2017, ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má gba orí ilẹ̀ gbé mọ́tò wọlé mọ́. Páàtì rẹ̀ náà ń bá dọ́là rìn. Ní June 2023, náírà tún já bọ́. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 kọjá 700 láàárín oṣù kan ṣoṣo, nígbà tó sì di February 2024, tí à ń wá bàlúùnù jíìpù kiri, ó ti kọjá 1,400. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìwé: bàlúùnù mẹ́rin, kọ̀mpẹ́sọ̀ kan, àpótí fáàfù kan. Owó ìfẹ̀yìntì Bàbá fún ọdún kan ò tó o.

Nítorí náà, kì í ṣe àwa la ba nǹkan jẹ́. Ìgbà ìkẹyìn ayé mọ́tò náà ló bá wa. Àwọn tó ṣe é rò ó fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á, tó ní ìwé ẹ̀rí àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ọdún mélòó kan, tó sì ní ibi tó lè gbé e lọ. Wọn ò rò ó fún tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Imini. Ẹni kẹta tó ni mọ́tò kì í sí nínú ìṣirò ẹni tó ń ya àwòrán rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé èmi náà ti kọ software rí fún ẹni tó ní fóònù tuntun àti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré, láìrántí ẹni tó ń lo fóònù ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ní abúlé.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín pé a ò lẹ́bi rárá. Iná yẹn tàn fún ọdún méjì. Ìwọ̀nba owó la bá fi pààrọ̀ bàlúùnù kan nígbà náà, kọ̀mpẹ́sọ̀ ì bá má sì jó. Ẹni tó bá ń gun irú mọ́tò yìí láàárín yín, ẹ wò ó láàárọ̀ kí ẹ tó sitáàtì rẹ̀. Tí igun kan bá ti wọlẹ̀ ju ìyókù lọ, tí kọ̀mpẹ́sọ̀ sì ń pẹ́ kó tó dákẹ́, ẹ wá ọṣẹ àti omi lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de òru.

Mo kó gbogbo ìtàn yìí lọ bá Bàbá. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìparí, bí tíṣà ṣe ń gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n wá bi mí léèrè ìbéèrè kan péré: "Èwo nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa dìde lóru?"

Mo ní, "Kọ́ìlì ni, sà."

Wọ́n ní, "Ó parí."

Ẹ̀gbọ́n mi pè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò mẹ́nu ba Cadillac. Ó ní, "Èló ni wọ́n ní kọ́ìlì náà?" Ó sì san ìdajì rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni ọ̀gá mẹ́káníìkì fi ṣe é. Ó tú àwọn bàlúùnù kúrò, ó fi kọ́ìlì àti ṣọ́ọ̀kì tó bá ìwọ̀n ọkọ̀ náà mu sí i, ó yọ fíúsì kọ̀mpẹ́sọ̀. Èmi náà rí iṣẹ́ ṣe níkẹyìn: kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò yéé pariwo pé òun ń wá afẹ́fẹ́ òun, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú laptop mi títí mo fi rí ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó má wá a mọ́. Ọ̀gá mẹ́káníìkì wò mí, ó ní, "Ẹ̀hẹ́n, Injinía! Ẹ náà gbìyànjú."

Ó yàtọ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ń ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ níbi tí títì bá ti bàjẹ́, tí ẹrù bá sì pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀ bíi ti gbogbo mọ́tò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ó ti gbé aboyún méjì lọ sí Ọ̀yọ́, lóru ni méjèèjì.

Ohun kan ṣoṣo la pàdánù. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán, Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú gèlè wọn fún ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, wọ́n ń retí. Jíìpù dúró gbọin. Wọ́n wò wá. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí kò kí mi?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn nínú wa. Bàbá mi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ló wọlé lọ gbé àpótí ìdáná wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n sì fi orúnkún kan lélẹ̀ kí wọ́n lè dì í mú kó má baà mì. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ wọn, wọ́n gun àpótí, wọ́n wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Àpótí yẹn ṣì wà nínú búùtù jíìpù títí di òní.